Imú ni ẹnubodè etí, omi ìwẹ̀ kọ́

Ẹ wo ìyá àgbà kan ní àgbàlá ilé l'Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ọmọ oṣù 9 dùbúlẹ̀ lórí ojúgun rẹ̀, ó ń bu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí i lórí, ó sì fi àtàǹpàkò àti ìka àárín di etí ọmọ pa lápá méjèèjì kí omi má baà wọ̀ ọ́. Bó ṣe wẹ bàbá ọmọ náà nìyẹn, bó ṣe wẹ àwọn àbúrò ẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, etí ọmọ ti ń ṣọyún, ilé dàrú, gbogbo ojú wá yí sí màmá: "Omi ló wọ̀ ọ́ létí." Màmá fúnra ẹ̀ á gbà á, á ní bóyá ọwọ́ òun ló yọ̀. Kò jẹ̀bi rárá! Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa etí ọmọdé, ọ̀rọ̀ omi ìwẹ̀ yìí ló ń bíni nínú jù, torí bí wọ́n ṣe gbájú mọ́ omi náà ni wọn ò ráyè wo ibi tí nǹkan ń gbà wọlé gan-an, ìyẹn imú.

Ihò etí tí à ń rí lóde yẹn, ọ̀nà tí kò já síbì kankan ni. Kò gùn rárá kó tó kan ògiri, ògiri yẹn ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí à ń pè ní ìlù etí. Bí awọ náà ò bá ti ya, gbogbo omi ọ̀sà Àjàṣẹ́ ò lè ti ibẹ̀ wọnú. Lóòótọ́, omi lè mú kí ihò tó wà lóde yún èèyàn kó sì wú, àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ lódò mọ̀ ọ́n dáadáa, àmọ́ àìsàn ọ̀tọ̀ nìyẹn. Èyí tó ń dààmú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ léraléra, ẹ̀yìn ògiri ló ti ń ṣẹlẹ̀, nínú yàrá kékeré kan tó kún fún afẹ́fẹ́, tí eegun tíntìntín mẹ́ta wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń gbé ohùn lọ sínú lọ́hùn-ún. Orúkọ àwọn eegun yẹn, ẹ jẹ́ á fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ìdánwò.

Yàrá yẹn ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, ẹ̀yìn imú ló sì ṣí sí, lókè ọ̀fun. Ihò tín-ín-rín ni. Àwọn dókítà fi orúkọ ọmọ Ítálì kan pè é, Bartolomeo Eustachi, tó kọ̀wé nípa ẹ̀ láàárín 1560 sí 1570, àmọ́ ẹni tó bá ti dé Kétu rí kò nílò ọmọ Ítálì kankan kó tó yé e, torí ó ti rí Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà. Ògiri àti yàrà ló yí Kétu ká láyé àtijọ́, ọ̀tá ò lè fò ó, ẹnubodè ni gbogbo nǹkan ń gbà. Ẹnubodè kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn ń tì pa, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọjà wọlé, kí pàǹtírí jáde, kí ọ̀tá sì dúró síta, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ tí ihò tín-ín-rín yẹn ń ṣe nìyẹn gẹ́lẹ́: ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọnú yàrá, ó ń jẹ́ kí omi ara tó bá ṣẹ́ jọ síbẹ̀ ṣàn jáde, kò sì jẹ́ kí kòkòrò inú imú gòkè. Títì ló máa ń wà. Ìgbà tí èèyàn bá gbé nǹkan mì tàbí tó bá yán ló máa ń ṣí, ká tó ṣẹ́jú ó ti padà. Ẹ gbé itọ́ mì báyìí, bóyá ẹ máa gbọ́ kọ́ kékeré kan nínú etí, ẹnubodè ló ṣí yẹn. Kò sí oníbodè kankan tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ọ̀fun fúnra ẹ̀ ló ń ṣí i, ọgbọ́n yẹn dùn mọ́ni nínú jàre.

Ibi tí iṣẹ́ ti kù nìyí. Ti àgbàlagbà gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3.5, ó sì dagẹ̀rẹ̀ láti etí wá sí imú, ọ̀tá tó bá fẹ́ dé yàrá á pọ́n òkè. Ti ọmọ jòjòló kò ju ìdajì ìyẹn lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, ara ẹ̀ ṣì rọ̀, iṣan tó ń ṣí i ò tíì lágbára. Ká kúkú sọ pé wọ́n ti ṣí ìlú kí wọ́n tó mọ ẹnubodè parí. Èèyàn ò lè bínú sí i, orí ọmọ kéré, níbo ló fẹ́ gbé ihò gígùn sí? Bí orí bá ṣe ń dàgbà ni ihò ń gùn, tó sì ń dagẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láàárín oṣù 6 sí ọdún 2 ni wàhálà yìí máa ń le jù, tí ọ̀pọ̀ ọmọ á sì ti bọ́ nínú ẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún 7, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe ètùtù.

Ìgbà tí ọ̀fìnkìn bá dé ló máa ń dùn ún wò, tí kì í bá ṣe ọmọ ẹni ló ń ṣe. Inú imú á wú, ẹnu ihò náà á wú mọ́ ọn, ẹnubodè á tì pa. Ẹ rántí Kétu lọ́dún 1886: àwọn ọmọ ogun Dàhómì kò kọjá ògiri lọ́jọ́ kan, ṣe ni wọ́n dó ti ìlú títí ebi fi wọlé tọ àwọn ará ibẹ̀. Etí náà, àìrí nǹkan gbà wọlé ló kọ́kọ́ ń ṣe é. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú yàrá kì í dúró, ara ń fà á mu díẹ̀díẹ̀, bí tuntun ò bá sì wọlé, inú yàrá á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, á fa ìlù etí wọnú, á wá fa omi jáde lára ògiri yàrá. Omi yẹn mọ́ níbẹ̀rẹ̀, kò ní kòkòrò nínú. Àmọ́ omi tó dúró gbári síbi tó móoru, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Àwọn kòkòrò tó ti ń gbé nínú imú ọmọ tẹ́lẹ̀ láìṣe nǹkan kan (èyí tó ń jẹ́ pneumococcus wà lára wọn) á gba ọ̀nà tó tẹ́ pẹrẹsẹ yẹn wọlé, wọ́n á bá omi, wọ́n á máa bí sí i, ọyún á kún, á máa ti ìlù etí síta láti ẹ̀yìn. Ìrora gidi ló wà níbẹ̀ yẹn, ó sì máa ń le sí i tí wọ́n bá tẹ́ ọmọ sílẹ̀, ìdí tó fi jẹ́ pé òru ni ọmọ ń ké, tí wọ́n bá gbé e dìde á rọlẹ̀ díẹ̀, àwọn kan á ní ńṣe ló ń ṣàkẹ́jù.

Lóru ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, nǹkan kan wá ń ṣẹlẹ̀ tó ti sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di oníṣègùn etí. Gbogbo ilé ti gbìyànjú nǹkan: ẹnì kan ti kán àdín gbígbóná sí i, ẹlòmíì fún omi ọmú sí i, aládùúgbò mú omi ewé wá, ẹnì kan ti fi ìyẹ́ adìẹ ro ó. Àfi bí etí ṣe tú! Ọyún ṣàn sórí ìrọ̀rí, ẹkún dákẹ́, ara tó gbóná bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, ọmọ sùn fọnfọn, ohun tí wọ́n fi sí i kẹ́yìn ló máa gba gbogbo ọpẹ́, wọ́n á máa júwe ẹ̀ fún gbogbo ọjà Wàńdò. Kò sóhun tó wò ó sàn nínú ẹ̀, ìlù etí ló ya, ọyún rí ọ̀nà jáde, títì tó ń tì í láti ẹ̀yìn dópin, ìrora lọ. Awọ yẹn sì máa ń dí fúnra ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí ihò bá ṣì wà lára ògiri, àdín àti omi ewé yẹn ń wọlé tààrà sínú yàrá, ìgbà yẹn gan-an ló sì yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ omi ìwẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ dojú rú: nígbà tí ògiri wà digbí wọ́n ń fi ìka di etí, nígbà tó ya tán wọ́n ń da nǹkan sí i.

Ohun tó ń mú kó máa padà wá ò ṣòroó lóye mọ́. Ọmọ kékeré lè ṣọ̀fìnkìn ní ìgbà 6 sí 8 láàárín ọdún kan, kò burú, bí ara ṣe ń kọ́ ogun jíjà nìyẹn, ọ̀fìnkìn kọ̀ọ̀kan sì ni ẹnubodè ń tì. Yàtọ̀ síyẹn, kódà lẹ́yìn tí ọyún àti ìrora ti lọ, omi lè ṣì wà nínú yàrá fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nígbà míì tó oṣù 3, ọ̀fìnkìn míì á wá bá a níbẹ̀. Bó bá ṣe ọmọ ní ìgbà 3 láàárín oṣù 6, tàbí ìgbà 4 láàárín ọdún kan, ìgbà yẹn làwọn dókítà ń pè é ní èyí tó ń padà wá, tí wọ́n á ní ká lọ rí dókítà etí, àwọn tí wọ́n ń pè ní ORL. Wọ́n á fẹ́ mọ̀ bóyá ẹran tó máa ń hù lẹ́yìn imú ọmọdé ti tóbi jù, torí ẹ̀gbẹ́ ẹnubodè ló wà, ó lè dí i.

Àwa náà tún ń bá ọ̀tá ṣiṣẹ́. Èéfín igi ìdáná àti ti sìgá máa ń mú kí inú imú wú. Kí ọmọ máa mu bíbẹ́rọ̀n (ìgò mílíìkì ọmọ) níbi tó dùbúlẹ̀ sí gbalaja, mílíìkì á rọra yà sí ihò tó tẹ́ yẹn, gbígbé orí ọmọ sókè díẹ̀ ti tó. Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀, tí wọ́n á dí i nímú, tí wọ́n á máa fọwọ́ da àgbo tàbí ẹ̀kọ sí i lẹ́nu títí á fi gbé e mì tipátipá. Kò sí iléeṣẹ́ tó lè ṣe ẹ̀rọ tó máa ti nǹkan sínú etí ọmọ tó báyìí. Ọmú ìyá ní tiẹ̀, fún oṣù 6 ó kéré tán, máa ń dín in kù, abẹ́rẹ́ àjẹsára náà ń ṣe díẹ̀. Ti pneumococcus ti wà nínú àjẹsára àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ láti 2011, ó ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn irú kan, kì í ṣe gbogbo wọn, ẹni tó bá wá ń sọ pé "ṣebí a ti gba abẹ́rẹ́, kí ló tún dé?" kò tíì mọ bí àwọn ọ̀tá ṣe pọ̀ tó lẹ́nu ọ̀nà.

Oògùn ńkọ́? Kì í ṣe gbogbo etí tó ń dun ọmọ ló ń fẹ́ àǹtíbáyótíìkì. Bí ọmọ bá ti lé lọ́dún 2, tí kò le, tí etí ò sì ṣọyún, dókítà lè ní kí wọ́n fún un ní oògùn ìrora kí wọ́n sì ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 2 sí 3, torí púpọ̀ nínú ẹ̀ ń lọ fúnra ẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 kò sí nínú ìyẹn o, ojú ẹsẹ̀ ni tiẹ̀. Bí wọ́n bá fún un ní àǹtíbáyótíìkì bí amọsisílìnì, kí wọ́n lò ó parí, kì í ṣe hóró mélòó kan tí wọ́n rà lórí àtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí wọ́n fi omi pò, tí wọ́n dá dúró nígbà tí ẹkún dákẹ́. Etí tó bá ń ṣọyún kọjá ọ̀sẹ̀ 2 ti di nǹkan míì, gbígbẹ ló ń fẹ́: aṣọ funfun mímọ́ tí wọ́n ká bí òwú àtùpà, wọ́n á tì í bọ ẹnu ihò, á fa ọyún mu, wọ́n á jù ú nù, wọ́n á fi òmíràn, títí tí ọ̀kan á fi jáde ní gbígbẹ, lẹ́yìn náà oògùn kíkán tí dókítà bá kọ. Bí ẹ̀yìn etí bá wá wú, tí etí ń yọ síwájú, ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Àwọn tí tiwọn ò dáwọ́ dúró, iṣẹ́ abẹ kékeré kan wà tó máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Lọ́dún 1954, dókítà ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Armstrong fi rọ́bà kékeré kan tó níhò nínú há ìlù etí. Ṣé ẹ rí i? Ẹnubodè ẹ̀yìn kọ̀ láti ṣí, wọ́n bá fúnra wọn lu ògiri ìlú. Afẹ́fẹ́ ń gba iwájú wọlé títí ẹnubodè gidi á fi dàgbà, rọ́bà yẹn á sì já bọ́ fúnra ẹ̀ láàárín oṣù 6 sí 18. Àwọn ará Kétu ìgbà náà ò ní gbà fún un.

Ohun tó ń mú kí àwọn dókítà dààmú ara wọn tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹkún òru. Omi tó kù nínú yàrá kì í dun ọmọ, kò ní ibà, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ fojú inú wo ìlù tí wọ́n bu omi sí nínú, kí ayàn wá máa lù ú. Ọmọ yẹn ò dití, ńṣe ló ń gbọ́ àwọn ará ilé bí ẹni tó wà ní ìletò kejì tó ń gbọ́ dùndún lókèèrè, ó mọ̀ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀, ohùn ń lọ sókè ń bọ̀ nílẹ̀, kò mọ ọ̀rọ̀ wo ni. Ìgbà tó yẹ kó máa kọ́ ọ̀rọ̀ ni o. Ìyá ẹ̀ pè é láti ìdí ààrò, kò dáhùn, ó tún pè é, ọmọ kọ ẹ̀yìn sí i ó ń ṣeré yẹ̀ẹ̀pẹ̀ lọ, wọ́n ní olóríkunkun ni, etí ẹ̀ le. Ìgbà tí ọwọ́ kàn án léjìká ló tó ta gìrì.