Visual identity: bí a ṣe ń dá orin tí kò fojú hàn mọ̀

Ẹ wo ògiri ọjà Agbálátà ní Àgbádárìgì nígbà tí òde ijó bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Pósítà lé pósítà. Olórin wà láàárín pẹ̀lú gíláàsì dúdú lójú, àwọn tó fẹ́ bá a ṣeré tò sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀, wọ́n sì gé fọ́tò àwọn ọlọ́lá àdúgbò róbótó róbótó sí ìsàlẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn fún fújì tàbí jùjú. Ohùn ẹni yẹn la fẹ́ gbọ́, a fẹ́ kó kì wá, ojú rẹ̀ ló máa mú wa wọṣọ jáde nílé.

Orin ijó tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe látòkè délẹ̀ yàtọ̀. Mò ń sọ nípa house àti techno, títí kan bíìtì cruise tí àwọn ọmọ wa ń fi kọ̀ǹpútà alágbèéká ṣe nínú yàrá. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò ní ju gbólóhùn kan tí ẹ̀rọ ń tún pè lọ. Ẹni tó ṣe é lè máà gun orí ìtàgé rí, DJ tó sì ń fi í mú èrò jó lè máà mọ orúkọ àbísọ rẹ̀. Bí kò bá sí ojú ẹnikẹ́ni tí a lè gbé sára páálí àwo tàbí pósítà, kí la fẹ́ gbé síbẹ̀? Ohun tí àwọn dìsáínà fi ń dáhùn ìbéèrè yìí ni visual identity.

Visual identity ni gbogbo ohun àfojúrí tí olórin tàbí ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù yàn, tó sì di mú láti orí iṣẹ́ kan dé òmíràn: irú lẹ́tà, àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, àmì, bí wọ́n ṣe ń pín ààyè ojú ìwé, irú àwòrán tí wọ́n ń lò, àti èyí tí wọn kì í lò rárá. Ẹ rò ó bí aṣọ ẹbí. Ẹnìkan rán bùbá àti ìró, ẹlòmíràn rán gáùn, ọkùnrin rán ṣòkòtò àti dàńṣíkí, síbẹ̀ ẹni tó dúró lókèèrè mọ̀ pé òde kan náà ni gbogbo wọn ń lọ. Aṣọ kò yí padà, ọ̀nà ìrán ló ń yí. Lógò nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Mo máa ń rí ọmọ tó ti sanwó lógò tó dára, tí páálí orin rẹ̀ àkọ́kọ́ pupa, tí èkejì jẹ́ àwọ̀ ewé pẹ̀lú mànàmáná, tí ẹ̀kẹta sì jẹ́ fọ́tò obìnrin òyìnbó kan tó mú jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Lógò wà lára gbogbo wọn, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ọwọ́ ẹnìkan ló ti jáde.

Ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan wà ní Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Factory. Ọdún 1978 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Peter Saville sì ni dìsáínà wọn. Gbogbo nǹkan ni wọ́n ń fún ní nọ́ńbà. Pósítà òde ijó ló gba FAC 1, kí àwo kankan tó jáde. Ilé ijó wọn, Haçienda, tí wọ́n ṣí ní 1982, ni FAC 51. Nígbà tí Tony Wilson, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, kú ní 2007, pósí tí wọ́n fi sin ín gba FAC 501. Ẹni tó bá rí lẹ́tà mẹ́ta yẹn àti nọ́ńbà níbikíbi ti mọ ẹni tó ni ín, ì báà jẹ́ lára àwo, lára ìwé tàbí lára ilé.

Ní 1983, ẹgbẹ́ New Order tó ń bá Factory ṣiṣẹ́ fẹ́ gbé orin Blue Monday jáde lórí àwo 12 íńṣì. Saville rí floppy disk kan níbi iṣẹ́ àwọn olórin náà, irú dísìkì pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ ayé ìgbà yẹn fi ń tọ́jú nǹkan. Ó ya páálí àwo bí dísìkì ọ̀hún: dúdú, pẹ̀lú ihò gidi tí wọ́n gé sí i. Kò sí orúkọ ẹgbẹ́ níwájú, kò sí orúkọ orin. Àwọn àwọ̀ kéékèèké tó tò sí etí páálí ló dúró fún lẹ́tà, ẹ̀yìn àwo ńlá wọn ti ọdún yẹn kan náà, Power, Corruption & Lies, ni kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń kà á sì wà.

Gígé ihò sára páálí báyẹn ni wọ́n ń pè ní die-cut. Wọ́n á tẹ abẹ irin sí bí ihò ṣe máa rí, ẹ̀rọ á sì fi gún páálí. Àwọn tó ń ṣe káàdì ìgbéyàwó ní Ṣómólú mọ iṣẹ́ náà dunjú, wọ́n sì mọ̀ pé owó rẹ̀ yàtọ̀. Ti Blue Monday wọ́n débi pé ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa Factory ni pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà ni wọ́n fi ń pàdánù owó.

Ibi tí àwòrán náà ti wá ni mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí jù. Orí tábìlì tí wọ́n ti ṣe orin ni Saville ti mú un. Kraftwerk, ẹgbẹ́ olórin ẹ̀rọ láti Düsseldorf ní Jámánì, ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú. Orin ọ̀nà márosẹ̀ ni Autobahn wọn ti 1974, àmì ojú pópó funfun lórí àwọ̀ búlúù ni wọ́n sì fi ṣe páálí èyí tí wọ́n tà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Iṣẹ́ DJ fúnra rẹ̀ tún dá kún un. Nígbà àwo fáínìlì, DJ máa ń kó àwo sínú àpótí lọ síbi ijó. Òkùnkùn ni, orin tó ń lọ lọ́wọ́ yóò parí láìpẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ máa fi ìka ṣí àwo lọ títí yóò fi bá èyí tó ń wá. Kò ráyè kàwé. Àwọ̀ ló ń wò. Ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Warp, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Sheffield ní 1989, lo páálí elésè àlùkò fún àwọn àwo ìbẹ̀rẹ̀ wọn. The Designers Republic, ilé iṣẹ́ dìsáìnì ìlú kan náà, ló ṣe é fún wọn.

Ní ti pósítà, ẹ wo Aphex Twin, olórin kan tó ń fi ẹ̀rọ ṣe orin. Paul Nicholson ló ya àmì rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, lẹ́tà A kan tí wọ́n tẹ̀ kọdọrọ tí kò fi jọ lẹ́tà mọ́. Ní 2014, bàlúùnù ńlá aláwọ̀ ewé kan gbé àmì náà sójú ọ̀run Lọ́ńdọ̀nù. Ní 2018, àmì yẹn yọ lára ògiri ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Elephant & Castle láìsí orúkọ, láìsí ọjọ́, láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti mọ̀ pé orin tuntun ń bọ̀, ìròyìn sì tàn. Ohun tó jẹ́ kí ó ṣeé ṣe ni pé ó ti lo àmì kan ṣoṣo fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dán an wò. Ẹ kọ orúkọ, ọjọ́, ibi tí ijó máa wáyé àti owó ìwọlé sára pósítà yín, kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìlú wa ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ọmọ aláwọ̀ dúdú ló dá techno sílẹ̀, ní Detroit ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1980: Juan Atkins, Derrick May àti Kevin Saunderson. Ẹgbẹ́ Underground Resistance tó tẹ̀lé wọn máa ń bo ojú, wọn kì í fẹ́ ya fọ́tò. Láàárín àwọn wọ̀nyí ni ẹgbẹ́ Drexciya ti jáde, ìyẹn James Stinson àti Gerald Donald. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra àwo wọn kò mọ orúkọ wọn títí Stinson fi kú ní 2002.

Ìtàn ni wọ́n fi dípò ojú. Nínú ìwé tó bá CD The Quest jáde ní 1997, wọ́n rántí àwọn aboyún ilẹ̀ Áfíríkà tí àwọn olówò ẹrú jù sókun láti inú ọkọ̀. Ọmọ inú oyún ń gbé nínú omi ìyá rẹ̀, kì í kú. Ǹjẹ́ kò ṣeé ṣe kí wọ́n bí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn sínú òkun, kí wọ́n máa mí nínú omi, kí wọ́n sì tẹ ìlú dó sísàlẹ̀ ibẹ̀? Àwọn ọmọ yẹn ni ará Drexciya. Máàpù mẹ́rin wà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà. Èkíní fi ọ̀nà òwò ẹrú hàn. Èkejì fi hàn bí àwọn aláwọ̀ dúdú ṣe fi oko gúúsù Amẹ́ríkà sílẹ̀ lọ sí àwọn ìlú ńlá àríwá. Ẹ̀kẹta ni bí techno ṣe kúrò ní Detroit tàn ká ayé ní 1988. Ẹ̀kẹrin ni ìrìn àjò padà sílé, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ iwájú ló wà fún. Ní 1999, Abdul Qadim Haqq, ayàwòrán ọmọ Detroit, ya páálí Neptune's Lair fún wọn, ó sì gbé ayé abẹ́ omi náà sójú táyé. Orúkọ orin, ìró, àwòrán, máàpù, omi ni gbogbo rẹ̀ ń tọ́ka sí. N kò tíì rí visual identity tó pé tó bẹ́ẹ̀.

Ibo wá ni àwa ń gbé? Ọjà Vlekete tí wọ́n ti ń ta èèyàn lẹ́rú láyé àtijọ́ wà ní Àgbádárìgì níbí. Àgọ́ tí Ṣẹ̀ríkí Abass, olówò ẹrú, ń kó ẹrú sí nígbà náà wà níbí. Ẹni tó bá wọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà sí Gbẹ̀rẹ̀fú yóò rìn lórí iyanrìn tí wọ́n mú wọn gbà dé etí òkun, ibi tí wọ́n ń pè ní Point of No Return lónìí. Detroit jìnnà sí òkun, òkun tó wà lẹ́yìnkùlé wa sì ni àwọn ọmọ ibẹ̀ fi ṣe ojú fún orin wọn. Ó máa ń dùn mí wọra tí mo bá gbọ́ bíìtì tó mú gan-an láti ọwọ́ ọmọ Àgbádárìgì, tí mo wá wo páálí rẹ̀ tí mo bá hẹ́dìfóònù tó ń tàn yanran lórí òyìnbó kan tí gbogbo ayé ti lò tán. Bẹ́ẹ̀, a ní baba nínú iṣẹ́ yìí ní Èkó níbí: láti orí Alagbon Close ní 1974 ni Lemi Ghariokwu ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya páálí àwo fún Fela, páálí tí èèyàn lè jókòó kà fún wákàtí kan.

N kò ní kí ẹ máa ya ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti pọ̀ tó lára bọ́ọ̀dù àwọn tó ń mú àlejò kiri. Ẹ dúró sí Gbẹ̀rẹ̀fú kí ẹ wo ohun tó wà níwájú yín: ọ̀sà, iyanrìn, òkun. Ilà mẹ́ta, àwọ̀ mẹ́ta. Ẹ fi àwọn ilà wọ̀nyí ṣe ìpìlẹ̀ páálí gbogbo orin tí ẹ bá gbé jáde. Orin tí ìlù rẹ̀ yára, ẹ jẹ́ kí ilà iyanrìn rẹ̀ tín-ín-rín, kí èyí tó falẹ̀ fẹ̀. Orúkọ máa wà lórí iyanrìn nígbà gbogbo, ní irú lẹ́tà kan náà. Bí orin bá tó márùn-ún, ẹni tó ń yí ojú fóònù lọ á ti mọ̀ yín kó tó kàwé, pósítà òde ijó etí òkun yín á sì jẹ́ ilà mẹ́ta yẹn náà pẹ̀lú ọjọ́ àti owó ìwọlé.

Ọ̀pọ̀ yóò fẹ́ lo Zangbeto, eégún àwọn Ègùn. Ó yé mi: ráfíà tó wà ní ìpele ìpele, tó ń yí bírí, kò sí ohun tó bá orin ijó mu tó o. Ṣùgbọ́n Zangbeto ní àwọn tó ni ín láàárín àwọn Ègùn. Ẹ lọ bá àwọn àgbà tó wà nídìí rẹ̀ kí ẹ tó fi sórí páálí tí wọ́n máa tà. Bí wọ́n bá ní rárá, rárá náà ni. Ojú ìlù Sato ṣì wà níbẹ̀, ẹ tún béèrè ìyẹn náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwọ̀n àti tàdáwà. Páálí àwo 12 íńṣì fẹ̀ ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ìwé inú CD jẹ́ 12. Lórí fóònù, páálí orin lè máà ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ẹ ya fáìlì yín ní 3000 sí 3000 píkísẹ́lì, èyí tí àwọn ilé orin orí íntánẹ́ẹ̀tì ń béèrè, lẹ́yìn náà kí ẹ sún un kéré títí yóò fi tó èékánná, kí ẹ sì na ọwọ́ tí ẹ fi mú fóònù jìnnà sójú. Ohun tí kò bá hàn mọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Pósítà orí ògiri ní wàhálà tirẹ̀. Iná ni àwọ̀ ojú fóònù. Tàdáwà mẹ́rin, búlúù tó mọ́lẹ̀, pupa aláwọ̀ òdòdó, yẹ́lò àti dúdú, ni àwọn onítẹ̀wé ń pò láti rí gbogbo àwọ̀ ìyókù, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè pò wọ́n tí wọ́n á fi rí àwọ̀ ewé atànyòò tí orin ijó fẹ́ràn. Yóò kú lórí ìwé. Tàdáwà atànyòò tí wọ́n ti pò tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ rà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní spot colour. Ó wọ́n díẹ̀, àmọ́ bí pósítà yín bá jẹ́ àwọ̀ yẹn àti dúdú nìkan, tàdáwà méjì péré lẹ ó sanwó fún. Ẹ kò tiẹ̀ ní láti dé Ṣómólú. Àwọn tó ń tẹ orúkọ sára ike àti táwẹ́ẹ̀lì fún ìnáwó ní irinṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ń fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n nà sára férémù tẹ̀ ẹ́. Ẹ mú ìwé A3 lọ bá wọn, kí wọ́n tẹ ẹyọ kan fún yín wò kí ẹ tó sanwó ìyókù. Oòrùn kì í jẹ́ kí irú tàdáwà yìí pẹ́ kó tó ṣá, nítorí náà ẹ jẹ́ kó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ijó bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́.