Ṣé lóòótọ́ ni pé ìdọ̀tí ló so alùpùpù àtijọ́ ró?

Ìgbàgbọ́ kan fìdí múlẹ̀ láàrin àwọn tó ń gun alùpùpù, àti láàrin àwọn kan tó ń tún un ṣe pàápàá, pé alùpùpù tó ti gbó, tí wọ́n ti pa tì fún ọdún púpọ̀, kò ṣeé fọ̀ dénú. Wọ́n á ní ìdọ̀tí tó ti gan mọ́ ọn lára ló so ó ró, àti pé bí ènìyàn bá ti lè ha á kúrò, epo á bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ẹ́ńjìnnì á kọ̀ láti gbéra, iná á sì máa ṣe ségesège. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò parọ́, nítorí ohun tí wọ́n fojú rí ni wọ́n ń sọ: wọ́n fọ alùpùpù kan tán, kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Àlàyé tí wọ́n ṣe fún ohun tí wọ́n rí ni kò tọ̀nà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà lé ìdọ̀tí kúrò ló fa wàhálà, pàápàá ibi tí wọ́n jẹ́ kí omi wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ epo tó ń jò ṣáájú, nítorí òun ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ẹ̀rí. Gáskẹ́ẹ̀tì, ìyẹn awẹ́ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń dí àárín irin méjì lára ẹ́ńjìnnì kí epo má baà jò, máa ń le, á sì súnkì bí ọdún ti ń gorí ọdún, epo á wá máa yọ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Eruku àti iyanrìn ojú ọ̀nà á lẹ̀ mọ́ epo yìí, gbogbo rẹ̀ á sì di ẹrẹ̀ dúdú tó nípọn. Ẹrẹ̀ yìí kò dí ibi tó ń jò. Ńṣe ló ń fa epo náà mu, tó ń tàn án ká, tí kò fi kán sílẹ̀ kí ènìyàn rí i. Ìdọ̀tí náà gan-an ni ẹ̀rí pé epo ti ń jò tipẹ́, torí eruku kì í gan báyẹn mọ́ ara ẹ́ńjìnnì tó gbẹ. Nígbà tí wọ́n bá wá fọ̀ ọ́, tí epo tó ti ń jò láti ọjọ́ yìí wá hàn síta, wọ́n á ní omi ló dá a sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ a máa fọ ẹ́ńjìnnì kó tó wá ibi tí epo ti ń jò: á fọ̀ ọ́, á jẹ́ kó gbẹ, á bu pọ́dà funfun sí i lára, á tan án, á wá máa wo ibi tí pọ́dà náà ti kọ́kọ́ rin.

Ibì kan wà tí mo gbà pé ọ̀rọ̀ wọn ti ní òtítọ́ díẹ̀ nínú, ìyẹn inú táńkì epo. Bí ìpẹtà bá ti jẹ irin táńkì lu, èépá ìpẹtà náà lè dí ojú ihò tó bá kéré, tó fi jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá fi ásíìdì fọ inú rẹ̀ ni ihò ọ̀hún á tó ṣí. Ṣùgbọ́n táńkì tó jẹ́ pé ìpẹtà nìkan ló ń dá pẹtiróòlù dúró nínú rẹ̀, lókè ẹ́ńjìnnì gbígbóná, ta ló fẹ́ máa jókòó tì í?

Ní ti ẹ́ńjìnnì tó kọ̀ láti gbéra lẹ́yìn fífọ̀, omi ló ń fà á. Pọ́lọ́ọ̀gì, èyí tó ń ta iná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì, sábà máa ń wà nínú kòtò kékeré kan lórí ẹ́ńjìnnì. Bí omi bá dárogún síbẹ̀, tí rọ́bà tó bo orí pọ́lọ́ọ̀gì sì ti sán nítorí ogbó, iná tó yẹ kó ta sínú ẹ́ńjìnnì á gba inú omi náà sá lọ sára irin. Omi tó bá gba ẹnu asẹ́ afẹ́fẹ́ wọlé lè dé inú kábúrétọ̀, tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, níbi tí yóò ti rì sí ìsàlẹ̀ nítorí pé ó wúwo ju pẹtiróòlù lọ, ìsàlẹ̀ yẹn sì ni ihò tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa epo wà. Ojú ìsopọ̀ wáyà tí bàbà rẹ̀ ti ń di aláwọ̀ ewé náà kò ní í gba omi mọ́ra. Púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí ló máa ń yanjú bí gbogbo rẹ̀ bá ti gbẹ.

Èyí tí kì í yanjú ni ti bẹ́árìnì, ìyẹn òrùka irin tó ń jẹ́ kí táyà àti àwọn ibi mìíràn yí geere. Omi ẹ̀rọ inú ilé sábà máa ń ní ipá bíi bar 2 sí 5 (bar ni òṣùwọ̀n ipá omi), ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí àwọn tó ń fọ mọ́tò ń lò lè tú omi jáde ní ipá tó ju bar 100 lọ. Sílì rọ́bà tó wà lẹ́nu bẹ́árìnì táyà, lọ́rùn ọwọ́ ìdarí àti níbi tí apá ẹ̀yìn ti so mọ́ ara alùpùpù, eruku àti òjò ni wọ́n ṣe é fún, àti kí gíríìsì má baà jáde; wọn kò ṣe é fún omi tí ẹnu rẹ̀ sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí ní irú ipá bẹ́ẹ̀. Omi náà á gbé ètè rọ́bà, á wọlé, á lé gíríìsì kúrò láyè rẹ̀, kò sì ní í rí ọ̀nà jáde mọ́. Bẹ́árìnì náà kò ní í ké lọ́jọ́ yẹn. Ìpẹtà á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí táyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé ẹ́ńjìnnì tó kọ̀ fún wákàtí kan, tí oòrùn lásán lè tún ṣe, ni gbogbo ènìyàn ń rántí, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ní í so bẹ́árìnì tó bàjẹ́ pátápátá mọ́ ọjọ́ tí wọ́n fọ alùpùpù náà.

Ìdọ̀tí fúnra rẹ̀ kò ṣe ẹ̀rọ lóore kankan. Ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń tù ú lára ní àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò yí i ká, àárín wọn ni afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá láti gbé ooru lọ; bí ẹrẹ̀ àti epo bá dí àárín wọn, ooru á há sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹrẹ̀ tó gbẹ sábẹ́ gáàdì a máa fa omi mu nígbà òjò, á sì di í mọ́ irin fún ọjọ́ púpọ̀, tí irin á fi máa dípẹtà lábẹ́ ohun tí wọ́n ní ó ń dáàbò bò ó. Lára ṣéènì, epo àti iyanrìn tó ti pò mọ́ra wọn á máa yún irin lọ ní gbogbo ìgbà tí ṣéènì bá ń yí.

Ipá kọ́ ló ń ṣẹ́gun ìdọ̀tí tó ti pẹ́, àkókò ni. Kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ tutù pátápátá, kí ẹ tú bátìrì, orí òdì rẹ̀ ṣáájú, kí ẹ sì fi ọ̀rá di ẹnu asẹ́ afẹ́fẹ́, ẹnu sáléńsà àti ojú ìsopọ̀ wáyà. Ẹ fi igi tàbí ike ha èyí tó nípọn kúrò ní gbígbẹ, nítorí bí omi bá ti kàn án, ńṣe ni yóò kàn máa rá kiri. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa kẹrosíìnì tàbí ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún gíríìsì sí i, kí ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ má sì jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó fi omi tó rọra ń ṣàn ṣàn án dànù. Ibi tí kò bá kúrò, ẹ tún un pa, kí ẹ tún dúró.

Ọ̀pọ̀ ló ń fi pẹtiróòlù ṣe iṣẹ́ yìí, ó sì lẹ́rù. Oru pẹtiróòlù lè gbiná kódà ní nǹkan bí -40°C, ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, tó fi lè rìn nílẹ̀ lọ bá iná tó jìnnà. Kẹrosíìnì ní láti gbóná tó nǹkan bí 38°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí oru rẹ̀ tó lè gbiná, síbẹ̀ òun náà kò gbọdọ̀ sún mọ́ iná. Pẹtiróòlù tún lè ba òrùka rọ́bà inú ṣéènì ìgbàlódé jẹ́, àwọn òrùka tó jẹ́ pé àwọn ló ń di gíríìsì mú sínú rẹ̀. Ẹ má lo sódà líle lára ẹ́ńjìnnì, nítorí ó ń jẹ alumíníọ̀mù. Ọṣẹ aṣọ oníyẹ̀fun tó lágbára náà lè mú kí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Bí ẹ bá ṣí bíréèkì àtijọ́, ẹ má fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù, nítorí asbestos, ohun àlùmọ́nì onífọ́nrán tí wọ́n fi ń ṣe bíréèkì nígbà kan, lè wà nínú rẹ̀, èyí tí kò yẹ kí ènìyàn fà símú: aṣọ tó rin ni kí ẹ fi nù ún.

Bí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ tán, iṣẹ́ ku ìdajì, nítorí gbogbo ibi tí ọṣẹ bá dé ni òróró ti kúrò. Ẹ nu ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ fi epo tuntun sí ṣéènì, ẹ sì pa gíríìsì sí ojú ibi tó ń yí. WD-40, epo inú agolo tí ọ̀pọ̀ ń fọ́n sí gbogbo ibi yìí, wọ́n ṣe é ní ọdún 1953 láti lé omi kúrò lára irin. Ó dára fún ojú ìsopọ̀ wáyà tó rin, ṣùgbọ́n kò lè dípò gíríìsì, kò sì gbọdọ̀ kan bíréèkì rárá. Kí ẹ tó gùn ún jáde, ẹ rìn ín díẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ níbi tí kò sí ọkọ̀, kí ẹ máa tẹ bíréèkì iwájú àti ti ẹ̀yìn léraléra títí omi ara wọn yóò fi gbẹ tí wọn yóò sì tún máa mú bó ṣe yẹ.