Irin Tó Wà Lábẹ́ Nọ́ńbà: Bí Wọ́n Ṣe Ń Díye Lé Muscle Car ní Gbàǹjo

Ní oṣù kìíní ọdọọdún, ilé gbàǹjo Mecum máa ń kó muscle car (mọ́tò Amẹ́ríkà àtijọ́ tí wọ́n ki ẹ́ńjìnì ńlá sí) àti mọ́tò àtijọ́ mìíràn jọ sí Kissimmee ní ìpínlẹ̀ Florida, Barrett-Jackson náà a sì pàtẹ tirẹ̀ sí Scottsdale ní Arizona. Ẹni tó bá ń wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n á rí ọ̀dà tó ń kọ mànà, á gbọ́ ẹ́ńjìnì tó ń bú ramúramù, á sì gbà pé ẹwà àti ariwo yẹn ni àwọn olówó ń dá mílíọ̀nù lé. Àwọn tó mọṣẹ́ ti parí iṣẹ́ tiwọn kí mọ́tò tó gun orí pèpéle. Wọ́n ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti tan tọ́ọ̀ṣì sí pẹpẹ irin kékeré kan lára ẹ́ńjìnì, tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, níbi tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti mọ iye tí àwọn máa ná an dé.

Gbàǹjo fúnra rẹ̀ kò le. Ẹni tó ni mọ́tò lè sọ iye tí kò ní tà á sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì lè ní kí wọ́n tà á ní iyekíye. Àwọn òǹrà á máa lé owó síwájú, alágbàǹjo á lu òòlù mọ́lẹ̀, ẹni tó ná an gbẹ̀yìn á tún san owó ilé gbàǹjo lé e, èyí tó sábà máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ìdí nìyẹn tí iye méjì fi máa ń jáde fún mọ́tò kan ṣoṣo. Ford Mustang 1968, èyí tí òṣèré Steve McQueen ń wà nínú fíìmù Bullitt, gba òòlù ní mílíọ̀nù 3.4 dọ́là ní Kissimmee lóṣù kìíní 2020, àmọ́ mílíọ̀nù 3.74 ló jáde lápò ẹni tó rà á.

Láti ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Láti 1964 tí Pontiac gbé GTO jáde títí di nǹkan bí 1973, ohun tí àwọn ará Detroit, ìlú àwọn ilé iṣẹ́ mọ́tò Amẹ́ríkà, ń ṣe ni pé wọ́n á mú mọ́tò lásán, wọ́n á ki ẹ́ńjìnì gbàǹgbà sí i nínú. Ẹ wo Chevrolet Chevelle 1970. Malibu tí olùkọ́ ń gbé lọ sílé ìwé àti SS 454 tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń sá eré àsápajúdé (SS ni orúkọ irú tó wà fún eré, 454 ni ìwọ̀n ẹ́ńjìnì), bọ́dì kan náà ni. Ẹ́ńjìnì ló yà wọ́n, LS6, ìyẹn 454 tó lágbára jù, sì ni baba wọn, tí ilé iṣẹ́ kọ agbára ẹṣin 450 sí. Lónìí LS6 tòótọ́ ń pa owó Malibu ní ìlọ́po-ìlọ́po. Bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí Chevrolet fún Chevelle lọ́dún yẹn, bóyá sìlíńdà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ló ní nìkan ló sọ nípa ẹ́ńjìnì; kò sọ SS, kò sọ 454. Ẹni tó bá ní Malibu, tó ra báàjì, tó ra bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó sì rí ẹ́ńjìnì ńlá kan, ti ní SS lójú ẹni tí kò mọ̀. Chrysler gbọ́n jù wọ́n lọ níbi tí èyí dé: àmì karùn-ún nínú nọ́ńbà mọ́tò wọn ló ń sọ ẹ́ńjìnì tí wọ́n gbé sí i, R sì ni ti Hemi 426, ẹ́ńjìnì ńlá tí wọ́n fi ń yangàn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ayédèrú Hemi 'Cuda, ìyẹn mọ́tò Plymouth ti Chrysler tó ní Hemi nínú, àfi kó fọwọ́ kan nọ́ńbà mọ́tò gan-an, ẹ̀wọ̀n sì ń bẹ nídìí ìyẹn.

Ohun tó jẹ́ kí gbogbo ojú máa wo pẹpẹ irin yẹn nìyẹn. Lórí V8 (ẹ́ńjìnì sìlíńdà mẹ́jọ) Chevrolet, iwájú lápá ọ̀tún ló wà, níbi tí bùlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì ti yọ síwájú díẹ̀ ju tọ́ọ̀pù sìlíńdà lọ. Wọ́n lè tẹ T0212CRV síbẹ̀: T ni Tonawanda ní ìpínlẹ̀ New York, níbi tí wọ́n ti to ẹ́ńjìnì, 0212 ni ọjọ́ kejìlá oṣù kejì, CRV ni LS6 tó ń lo gíà ọwọ́. Apá kan nínú nọ́ńbà mọ́tò náà á wà nítòsí rẹ̀. Níbòmíràn lára bùlọ́ọ̀kù kan náà, ọjọ́ tí wọ́n da irin yọ síta: B 3 0 ni ọjọ́ kẹta oṣù kejì 1970, torí A ni oṣù kìíní. Páànù kékeré tó wà lára bọ́dì lẹ́yìn ẹ́ńjìnì á tún kọ 02D, ọ̀sẹ̀ kẹrin oṣù kejì. Wọ́n da irin, wọ́n to ẹ́ńjìnì, wọ́n gbé e sínú mọ́tò. Bí ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tẹ̀ lé ara wọn báyìí, ọkàn á balẹ̀ díẹ̀. Bí ọjọ́ tí wọ́n da irin bá lọ wà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bọ́dì, àṣírí ti tú.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹrà ti ń dúró, ó sì ń bí èèyàn nínú, torí ibẹ̀ ni oníjìbìtì ti ń dúró dè wọ́n. Ìpolówó á ní nọ́ńbà bára mu, wọ́n á gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán. Nọ́ńbà ló rọrùn jù láti ṣe ayédèrú rẹ̀ nínú gbogbo mọ́tò náà. Bí ojú bùlọ́ọ̀kù bá wọ́, wọ́n á fá a kó lè tẹ́jú, ohun tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní sikíìmù. Ojú kan náà ni pẹpẹ irin yẹn wà, nítorí náà ìfá yẹn lè gbé nọ́ńbà lọ. Olóòótọ́ lè pàdánù nọ́ńbà tirẹ̀ báyìí. Ẹlòmíràn á mọ̀ọ́mọ̀ wá bùlọ́ọ̀kù tí ọjọ́ rẹ̀ bá mọ́tò rẹ̀ mu, á fá nọ́ńbà àtijọ́ kúrò, á fi òòlù àti irin ìtẹ̀ tẹ èyí tó wù ú sí i.

Irin tó wà lábẹ́ nọ́ńbà ni ọ̀mọ̀ràn ń kà. Ní ilé iṣẹ́, ọ̀bẹ ńlá kan tó ń rìn gbọọrọ ló gé ojú bùlọ́ọ̀kù, ó sì fi ilà tín-ín-rín tó tọ́, tó jọra, sílẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ẹ̀rọ tó ń yí po ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù fi ń fá irin, ilà tirẹ̀ a máa tẹ̀ kọrọdọ. Sáńpépà ní tirẹ̀ á ha irin náà lọ́nà gbogbo, tàbí kó jẹ́ kó dán jù. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wò á tan iná láti ẹ̀gbẹ́ kí òjìji lè gbé ilà yọ, á wá wò ó bóyá ilà náà gba àárín nọ́ńbà kọjá láìdá.

Lẹ́yìn náà ló kan ọwọ́ tó tẹ nọ́ńbà. Ọwọ́ méjì ni. Ẹnì kan tẹ kóòdù ẹ́ńjìnì ní Tonawanda; ẹlòmíràn, níbi tí wọ́n ti ń to mọ́tò, ló tẹ apá nọ́ńbà mọ́tò, lọ́jọ́ mìíràn, pẹ̀lú irin ìtẹ̀ mìíràn. Iṣẹ́ ń lé wọn léré. Ọ̀kan lè wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan lè jìn ju èkejì lọ. Bí méjèèjì bá wá jìn dọ́gba, tí lẹ́tà wọn jọra, tí wọ́n sì tò gún régé, ìfura bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọgbọ́n tó wà nínú ètò yìí ni pé ó gbára lé ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ yẹn fi sílẹ̀ láìmọ̀. Ta ló máa rò ní 1970 pé ilà ọ̀bẹ á di ẹ̀rí? Àléébù rẹ̀ ni pé ohunkóhun tí wọ́n bá ti kọ́ òǹrà láti máa wò, oníjìbìtì náà ti kọ́ ọ. Àwọn kan ti ń gé ilà tó tọ́ padà sórí irin. Nítorí wọn ni àwọn ọ̀mọ̀ràn fi ń tọ́jú fọ́tò àwọn pẹpẹ irin tó dá wọn lójú pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n rí, kí wọ́n lè máa fi wé èyí tó bá dé iwájú wọn.

Ìwé sì gbọ́dọ̀ ti irin lẹ́yìn. Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ l'Ékòó rí mọ bó ṣe ń rí: ilé alájà mẹ́ta lè wà lórí ilẹ̀, bí rìsíìtì mọ̀lẹ́bí kò bá bá sọ́fè mu, bíríkì lásán lèèyàn rà. Wọ́n á ka nọ́ńbà tó wà lára òpó kékeré ní igun ilẹ̀, wọ́n á fi wé ti inú sọ́fè. Wọ́n á wádìí bóyá baba tó buwọ́ lùwé ṣì wà láyé lọ́jọ́ tí ìwé ní ó buwọ́ lù ú, bóyá òun ni olórí ẹbí nígbà yẹn, bóyá àwọn ọmọ ìyàwó kejì gbọ́ sí i. Ní ti mọ́tò, àwọn aládùúgbò tí èèyàn ì bá bi léèrè ti túká. Pontiac fúnra rẹ̀ kógbá sílé ní 2010. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ PHS (Pontiac Historic Services) ní àkọsílẹ̀ Pontiac lọ́wọ́, ilé iṣẹ́ Marti Auto Works sì ní ti Ford láti 1967 síwájú. Chevrolet tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà kò ní irú rẹ̀. Ohun tó kù fún un ni ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wò to mọ́tò, tí wọ́n fi sílẹ̀ sórí táǹkì epo tàbí sáàárín sípíríǹgì àga. Wọ́n á rí i lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, ìpẹtà á ti jẹ ẹ́ létí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là á sì gun orí iye mọ́tò.

Ẹ̀rí yìí náà ni kò jẹ́ kí wọ́n tún Mustang Bullitt ṣe kí wọ́n tó gbé e lọ sí gbàǹjo. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, ó sì ń pẹtà. Ọ̀dà tuntun ì bá bo ibi tí wọ́n jó irin mọ́ lábẹ́ rẹ̀ láti gbé kámẹ́rà sí. Lẹ́tà tí McQueen kọ ní 1977 pé òun fẹ́ ra mọ́tò náà padà sì ń bẹ nílẹ̀. Ní ti ọ̀wọ́n, òun nìkan kì í pa owó. Lóòótọ́, Hemi 'Cuda 1971 tí òrùlé rẹ̀ ń ká kò ju 11 lọ, ọ̀kan sì gba mílíọ̀nù 3.5 dọ́là ní gbàǹjo Mecum ní Seattle ní 2014. Ṣùgbọ́n mọ́tò sìlíńdà mẹ́fà aláwọ̀ àràmàǹdà lè jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo láyé, kó má sì rí ẹni ná an.

Ibi tí ètò yìí kù sí jù ni pé ilé gbàǹjo tó ń jẹ nínú owó náà ló ń gbé àpèjúwe mọ́tò jáde, àdéhùn wọn sì máa ń sọ pé bó ṣe wà ni wọ́n tà á. Gbogbo ẹrù ti bọ́ sórí òǹrà. Ó yẹ kí fọ́tò pẹpẹ irin, tí iná tàn sí láti ẹ̀gbẹ́, máa wà nínú ìpolówó mọ́tò yòówù tí wọ́n bá pè ní ojúlówó. Títí dìgbà náà, òǹrà tó gbọ́n á tètè dé ṣáájú ọjọ́ gbàǹjo, á ní kí wọ́n nu ọ̀dà tó bo nọ́ńbà kúrò. Bí ẹni tó ni mọ́tò bá kọ̀, iye Malibu ni yóò ná an.