Báńkì kì í wo ọjà, ìwé ló ń kà

Wọ́n á ní kí iléeṣẹ́ kékeré tó fẹ́ tajà sókè òkun ṣe ọjà tó dáa, kó wá oníbàárà, kó sì mọ òfin ibi tí ọjà ń lọ. Òótọ́ ni, àmọ́ owó ló ń pa iléeṣẹ́ kékeré: ọjà ti lọ, owó ò dé. Ẹrù ẹyọ kan tí owó rẹ̀ há sọ́nà lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa.

Olùtà ò fẹ́ kẹ́rù gbéra kówó tó wọlé. Olùrà ò fẹ́ sanwó kẹ́rù tó gbéra. Ibẹ̀ ni letter of credit ti wúlò. Báńkì olùrà á ṣèlérí pé òun ló máa sanwó, bí olùtà bá ṣáà ti kó àwọn ìwé tí wọ́n kà sílẹ̀ wá. Alárinà ni báńkì yìí. Ṣùgbọ́n alárinà tí kò rí ìyàwó rí ni, tí kò sì ní rí i. Lẹ́tà nípa rẹ̀ nìkan ló ń kà. Bí lẹ́tà kan bá ní ó pupa, tí èkejì ní ó dúdú, kò sí ìyàwó mọ́ nìyẹn.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ṣì gbà pé báńkì ń yẹ ọjà wò. Rárá o! UCP 600, ìlànà International Chamber of Commerce (ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò àgbáyé) tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2007, sọ ọ́ gbangba pé ìwé ni báńkì ń bá lò. Ọjọ́ iṣẹ́ 5 péré ló ní láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìwé bá fi hàn pé ọkọ̀ fi ọjọ́ kan kọjá gbèdéke, báńkì lè kọ̀ láti sanwó, bó ti wù kí ọjà dáa tó. Olùrà á wá máa dúnàádúrà ẹ̀dínwó. Ọjà játijàti tí ìwé rẹ̀ pé, ẹ̀wẹ̀, lè gbowó. Àléébù ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà níbẹ̀: òṣìṣẹ́ báńkì ò lè mọ ojúlówó irin àti oògùn pọ̀, àmọ́ ó mọ̀wé kà.

Ìdí nìyí tí àwọn tó rọ́wọ́ mú fi máa ń ka letter of credit ní ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tó bá dé, kí wọ́n tó ṣe ọjà rárá. Èyí tápá wọn ò ká, wọ́n á ní kí wọ́n tún un ṣe. Bí ọkọ̀ bá ti ṣí, ó ku ohun tí olùrà bá gbà. Tójú bá wá mojú tán, alárinà a yẹ̀bá: wọ́n á máa kẹ́rù ránṣẹ́ láwìn, iléeṣẹ́ adójútòfò á sì gbapò báńkì, bí olùrà ò bá sanwó.