Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ Ló Ṣáájú Ìdíje Dé Ilé-Ẹ̀kọ́

Ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ gbà pé wọ́n bí ìdíje mọ́ ọmọ ni, pé bí kò bá sí ipò kìíní tàbí ipò ìkẹyìn, ọmọ ò ní í fojú kan ìwé. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá tọ ìtàn dé orísun, ìfọwọ́sowọ́pọ̀ la máa bá níbẹ̀. Ní ti ìdíje inú kíláàsì, àwọn kan ló jókòó ṣètò rẹ̀.

Ẹ wo egungun tí awalẹ̀pìtàn Ralph Solecki àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ wú jáde nínú ihò àpáta Shanidar, ní Ìráàkì, ní 1957. Ọkùnrin Neanderthal ni, irú ẹ̀yà ènìyàn àtijọ́ kan tó ti kú run. Apá ọ̀tún rẹ̀ ti rọ, ọwọ́ ti gé kúrò níbẹ̀. Egungun ẹ̀gbẹ́ ojú òsì rẹ̀ ti fọ́ rí. Ó sì ń tiro. Síbẹ̀, gbogbo ọgbẹ́ yìí ti jinná tipẹ́ kó tó kú, ó sì lò tó nǹkan bí 40 ọdún láyé. Ta ló ń bá a pa ẹran? Ta ló ń dúró dè é nígbà tí wọ́n bá ń ṣí kiri? Lójú tèmi, irú agbo bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń la òkúta di ọ̀bẹ nílò àgbà tí yóò jókòó tì í, tí yóò tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe, tí yóò wá òkúta mìíràn fún un bí ti àkọ́kọ́ bá fọ́. Bóyá ọmọ tó ti mọ̀ ọ́n díẹ̀ ló tún ń kọ́ àbúrò rẹ̀. Kí ni wọn ìbá máa to ara wọn ní ipò fún? Bí ọ̀bẹ ẹnì kan bá mú, gbogbo agbo ló máa jẹ nínú ẹran tó bá kun.

Peter Kropotkin, ọmọọba ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ló tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí jù lọ. Ó rin Siberia já nígbà ọ̀dọ́, ó ń wá ibi tí ẹranko irú kan náà ti ń bá ara wọn du oúnjẹ. Ohun tó rí ni ẹranko tí wọ́n kó ara wọn jọ kojú òtútù àti ebi. Ó kọ èyí sínú ìwé ní 1902. Thomas Huxley, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi ayé ẹranko wé pápá ìjà ní 1888, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀rọ̀ náà ló rí.

Ìjọba tó ń wá òṣìṣẹ́ ló dá ìdíje sílẹ̀. Ní Ṣáínà, láti ayé ìdílé ọba Sui títí di 1905, ìdánwò ni wọ́n fi ń yan ìjòyè. Nígbà tó yá, yàrá tóóró ni akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ̀ lọ ṣe é, pẹ̀lú pátákó méjì: ọ̀kan tábìlì, ọ̀kan ìjókòó. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á dà wọ́n pọ̀ di ibùsùn. Ní 1599, àwọn àlùfáà Jesuit, ẹgbẹ́ kan nínú ìjọ Kátólíìkì, fi í sínú ìlànà ilé-ẹ̀kọ́ wọn pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ní alábàádíje tí yóò máa ṣọ́ àṣìṣe rẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ máa ń pín kíláàsì sí ogun Róòmù àti ogun Carthage, ìlú tó bá Róòmù ṣọ̀tá láyé àtijọ́. Bó bá jẹ́ pé wọ́n bí ìdíje mọ́ ọmọ ni, kí ló dé tó fi di dandan kí wọ́n ṣòfin rẹ̀?

Irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìdánwò iṣẹ́ ìjọba àti ìwé èsì káàkiri ayé.

Ní 1971, ní Austin ní Amẹ́ríkà, ọmọ funfun àti dúdú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé pọ̀ ni, ìjà sì pọ̀. Elliot Aronson, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, pín wọn sí ẹgbẹ́ kéékèèké, ó sì pín ẹ̀kọ́ kan náà sí abala, ọmọ kan, abala kan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyókù ní láti tẹ́tí sí ojúgbà rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ti ń fi sẹ́yìn gba máàkì tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ti àwọn yòókù kò sì jó rẹ̀yìn.