Ìrànlọ́wọ́ àwọn ìjọba ìlú fún àwọn àlejò lábẹ́ òfin ìwọ̀lú Amẹ́ríkà

Àwọn ìlú bíi New York, Los Angeles, Chicago àti San Francisco ní ètò tí wọ́n fi ń ran àwọn olùgbé wọn lọ́wọ́ nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà bá yí ìlànà ìwọ̀lú padà tí ẹ̀rù sì ń ba àwọn ènìyàn. Lára ètò wọ̀nyí ni lọ́yà ọ̀fẹ́, káàdì ìdánimọ̀ ìlú, ògbufọ̀, àti òfin tí kò jẹ́ kí ọlọ́pàá ìlú máa bá òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú mú ènìyàn. Ìlú kankan kò lè fún ènìyàn ní ìwé ìgbélùú, nítorí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan ni àṣẹ yẹn wà. Iṣẹ́ ìlú ni kí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin má pàdánù rẹ̀ nítorí àìmọ̀, àìlówó tàbí ìbẹ̀rù.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Ní 1979, àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá Los Angeles pàṣẹ pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni dúró kìkì láti mọ̀ bóyá ó ní ìwé ìgbélùú. Harold Washington, mẹ́yọ̀ Chicago, fi irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lélẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlú rẹ̀ ní 1985. Ní 1989, San Francisco sọ tirẹ̀ di òfin, Ed Koch, mẹ́yọ̀ New York, náà sì fọwọ́ sí ti ìlú rẹ̀. Àwọn tó sá fún ogun ní El Salvador àti Guatemala ń wá ibi ìsádi lásìkò náà, ìjọba àpapọ̀ kò sì gba púpọ̀ nínú wọn. "Ìlú ààbò" ni a lè pe irú àwọn ìlú bẹ́ẹ̀.

Ìdájọ́ Printz ti 1997 ni àwọn ìlú wọ̀nyí sábà máa ń fẹ̀yìn tì. Ẹjọ́ lórí òfin ìbọn ni, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi í sọ pé ìjọba àpapọ̀ kò lè pàṣẹ fún òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ tàbí ti ìbílẹ̀ pé kó wá bá òun mú òfin òun ṣẹ. Nígbà tí Ààrẹ Donald Trump pàṣẹ ní oṣù kìíní 2017 pé kí wọ́n dá owó ìjọba àpapọ̀ dúró fún àwọn ìlú ààbò, San Francisco àti ìjọba ìbílẹ̀ Santa Clara ní California gbé e lọ sí kóòtù, wọ́n sì borí.

Lọ́yà ọ̀fẹ́

Nínú gbogbo ètò náà, lọ́yà ọ̀fẹ́ ló ṣeé ṣe kó yí ayé ẹni padà jù. Láti ìgbà ìdájọ́ Gideon ní 1963, ìjọba gbọ́dọ̀ wá lọ́yà fún tálákà tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn ọ̀daràn ńlá kàn. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ lílé ènìyàn kúrò nílùú kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn. Òfin gba ẹni náà láyè láti ní lọ́yà, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú owó ìjọba àpapọ̀. Nítorí náà, ẹni tó wà látìmọ́lé, kódà ọmọdé, lè dá dúró níwájú adájọ́ nígbà tí lọ́yà ìjọba dúró lódìkejì.

Adájọ́ Robert Katzmann ti kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní New York wà lára àwọn tó kọ́kọ́ pariwo ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2013, ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú náà fi 500,000 dọ́là dán ètò kan wò, ètò lọ́yà ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní NYIFUP (New York Immigrant Family Unity Project), ní kóòtù ìwọ̀lú tó wà ní Varick Street. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fẹ̀ ẹ́ lójú. Àwọn àjọ lọ́yà mẹ́ta, The Bronx Defenders, Brooklyn Defender Services àti Legal Aid Society, ló ń ṣiṣẹ́ náà. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju ìlọ́po méjì ìwọ̀n òṣì tí ìjọba àpapọ̀ là kalẹ̀ ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Lọ́yà máa ń rí ohun tí ẹni tọ́rọ̀ kàn kò mọ̀ pé ó wúlò: pé òun ti gbé ní Amẹ́ríkà ju ọdún mẹ́wàá lọ tí ọmọ òun sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà, pé wọ́n ti hùwà ọ̀daràn sí òun rí tí òun sì ran ọlọ́pàá lọ́wọ́, tàbí pé òun alára ti di ọmọ Amẹ́ríkà nípasẹ̀ òbí. Ìwádìí tí Vera Institute, àjọ kan tó ń ṣèwádìí lórí ètò ìdájọ́, gbé jáde ní 2017 fojú bù ú pé ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún ẹjọ́ NYIFUP ni yóò já sí rere, nígbà tí ti àwọn tí kò ní lọ́yà ní kóòtù kan náà kò ju ìdá 4 lọ tẹ́lẹ̀. Àfojúbù ni, torí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ náà kò tíì parí nígbà yẹn, ṣùgbọ́n àlàfo àárín méjèèjì kò kéré rárá.

Àríyànjiyàn wáyé ní 2017 nígbà tí Bill de Blasio, mẹ́yọ̀ New York nígbà náà, fẹ́ kí ìlú má san owó lọ́yà fún àwọn tí wọ́n ti dá lẹ́bi fún àwọn ọ̀ràn ńláńlá kan.

Káàdì ìdánimọ̀ àti èdè

New York bẹ̀rẹ̀ káàdì ìdánimọ̀ tirẹ̀, IDNYC, ní oṣù kìíní 2015. Wọn kì í béèrè ìwé ìgbélùú kí wọ́n tó fúnni. Lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ 2016, ìlú fẹ́ pa ìwé àwọn tó gba káàdì náà run kí ìjọba àpapọ̀ má baà fi í wá wọn. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ méjì lọ sí kóòtù láti dá a dúró, ṣùgbọ́n ìlú ló jàre ní 2017.

Òfin èdè ti New York ní 2017 mú kí àwọn iléeṣẹ́ ìlú máa túmọ̀ ìwé pàtàkì sí èdè mẹ́wàá, bíi Sípáníìṣì, Lárúbáwá àti Faransé. Yorùbá kò sí lára wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣẹ ìwọ̀lú kan ọmọ Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n ní 2020, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá físà ìgbélùú wọn dúró láti oṣù kejì títí di oṣù kìíní 2021.

Ààlà agbára ìlú

Ìpínlẹ̀ lè gba agbára lọ́wọ́ ìlú. Òfin SB 4 ti Texas, 2017, kà á léèwọ̀ fún ìlú láti má bá òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú ṣiṣẹ́, ó sì lè mú kí wọ́n yọ aláṣẹ tó bá kọ̀ nípò. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti ẹ̀wọ̀n ni òfin náà ń sọ, kò dí owó lọ́yà lọ́wọ́. Ọdún yẹn kan náà ni Austin àti San Antonio, tí àwọn méjèèjì wà ní Texas, dara pọ̀ mọ́ SAFE, ètò tí Vera Institute fi so àwọn ìlú pọ̀, láti máa wá lọ́yà fún àwọn tí wọ́n fẹ́ lé kúrò nílùú.