Ṣé lóòótọ́ ni òyìnbó fi oògùn jẹjẹrẹ pamọ́?

Ní Ọjà Ọba l'Ádó-Èkìtì, mo bá ìyá elewé ọmọ kan tó ń gé èèpo igi sínú igbá. Ó ní èèpo náà ń wo jẹjẹrẹ, pé òyìnbó mọ̀, wọ́n kàn fi oògùn rẹ̀ pamọ́ kí wọ́n lè máa rówó jẹ lára aláìsàn ni. Mo ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti gbọ́ ọ nínú mọ́tò Ìkẹ́rẹ́.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Irú jẹjẹrẹ lé ní 100. Oògùn tó ká ti ọyàn lè má ran ti ẹ̀jẹ̀ rárá. Èwo gan-an ni wọ́n fi pamọ́? Steve Jobs tó wà lára àwọn tó dá Apple sílẹ̀, gbogbo ọlà rẹ̀ kò gbà á lọ́wọ́ jẹjẹrẹ ní 2011.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyá yẹn kò jìnnà sóòótọ́, nítorí èèpo igi ti di oògùn jẹjẹrẹ rí. Ní 1962, òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà kan, Arthur Barclay, lọ bó èèpo igi Pacific yew nínú igbó. Igi olóró ni. Ẹni tó bá sè é mu lè kú. Ó di 1971 kí Monroe Wall àti Mansukh Wani tó fi ohun tó wà nínú rẹ̀ han ayé, ó sì di 1979 kí Susan Horwitz tó ṣàlàyé iṣẹ́ tó ń ṣe. Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara wa; ti jẹjẹrẹ kì í yéé pín. Sẹ́ẹ̀lì tó bá fẹ́ pín sí méjì máa ń ta okùn tín-ín-rín tó fi ń fa ara rẹ̀ ya. Oògùn yìí á mú okùn náà gan, sẹ́ẹ̀lì kò ní lè pín mọ́, á kú. (Sẹ́ẹ̀lì irun náà ń yára pín, ìdí nìyẹn tí irun orí aláìsàn fi ń re.) 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò lára èèyàn, ìjọba sì fọwọ́ sí i ní ìparí 1992. Paclitaxel lorúkọ rẹ̀.

Ọgbọ̀n ọdún! Ilé-iṣẹ́ apoògùn tó wá ń tà á, 1991 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á lé e lọ́wọ́. Owó orí aráàlú ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìnáwó ṣáájú, àti ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ewé àti egbò mìíràn tí wọ́n yẹ̀ wò tí kò jẹ́. Oníṣòwò wo ni yóò náwó bẹ́ẹ̀ sórí ohun tí kò dájú?

Ẹni tí kókó bá yọ sí lọ́yàn, kó tètè lọ sílé ìwòsàn, kó má dúró de èèpo kankan.

Mo bi ìyá náà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ Ìyá, ìwọ̀n wo lèèyàn ń mu?"

"Ife kan láàárọ̀."

"Ta ló ti yẹ̀ ẹ́ wò?"

Ó dáwọ́ ọ̀bẹ dúró. "Ọmọ mi, kò sẹ́ni tó wá bi mí rí."